Ta Ló Pààrọ̀ Ojú Láptọ́ọ̀pù Ummu?

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n fọwọ́ sí i, ẹ yáa gé ọwọ́ mi, kẹ́ ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́!"

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn bí mo ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn àgọ́ ọlọ́pàá, inú mi sì dùn kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rárá. Èmi Ọyáyẹmí Fákẹ́yẹ, ọmọ tí kì í bẹ̀rù ni mo fẹ́ràn. Ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá títí irun mi fi funfun, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ tó fọwọ́ síwèé nítorí pé ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báyìí o, àmọ́ mi ò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìtojúbọ̀.

Orí bẹ́ǹṣì ni ọmọ tó sọ̀rọ̀ náà jókòó sí. Ummulkulthum lorúkọ rẹ̀, Ummu ni wọ́n ń pè é, ọmọ agbo ilé aláró kan ní Kemta, Abẹ́òkúta. Ó kàwé ọnà gboyè ní polí, síbẹ̀ gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ ló dúdú fún aró bíi ti ìyá àgbà rẹ̀, Àlhájà Àsíátù, tó jókòó tì í. Ìyá àgbà yìí ló pè mí lórí fóònù, ẹkún ni ò jẹ́ kí n gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ.

"Màmá, ẹ káàbọ̀, mà." Sájẹ́ǹtì Abdulkabir dìde fún mi. Abẹ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́. "Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Tó bá ti fọwọ́ síwèé yìí, ó parí."

"Ọ̀rọ̀ kékeré lẹ tìtorí ẹ̀ mú ọmọ ọlọ́mọ jókòó látàárọ̀? Kà á sí mi létí."

Ó kà á. Nínú ìwé náà, Ummu jẹ́wọ́ pé òun yọ skrín ojúlówó tó wà lára láptọ́ọ̀pù tí òun rà, òun fi gbàrọgùdù rọ́pò rẹ̀, òun sì fẹ́ fi lu oníṣọ́ọ̀bù ní jìbìtì. Ó ní òun tọrọ àforíjì. Wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, wọ́n á tún gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára. Tí kò bá fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ ló ń lọ lọ́la.

"Ta ló sọ pé ó pààrọ̀ skrín?"

"Èmi ni, mà." Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Herbert ni, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù láptọ́ọ̀pù kan ní Ìbarà. "Mo ta ọjà fún un ní ẹ̀dínwó. Skrín tó wà lára ẹ̀, irú tàwọn olówó ńlá ni. Ó gbé e wá pé bátìrì ti kú, kò tàn mọ́, kí n bá òun pààrọ̀ ẹ̀ nítorí pé gàrántì ò tíì tán. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Láàárọ̀ yìí ló wá gbé e, èmi ni mo ṣí i, tí mo tan án fún un, ó figbe ta pé skrín òun kọ́ nìyí! Àṣé ó ti ta ojúlówó kó tó gbé e wá."

"Irọ́ ńlá!" Ummu fò dìde. "Aró tí mo yà sínú ẹ̀ ti di eérú lójú mi! Ṣé èmi tí mò ń rẹ aṣọ láti kékeré ni mi ò ní mọ aró?"

Àlhájà fà á jókòó. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fọwọ́ sí i ká máa lọ sílé. Ìtìjú ni kí ọmọ ilé wa dé kóòtù."

"Ìyá àgbà, tí wọ́n bá lẹ fọ́tò mi mọ́ ilẹ̀kùn pé olè ni mí, ta ló tún máa ra aṣọ lọ́wọ́ wa? Mi ò ní tọrọ àforíjì ohun tí mi ò ṣe. Kí wọ́n gbé mi lọ síbi tó wù wọ́n."

Mo wo Abdulkabir. Kò wo ojú mi.

"Fún mi láyè di ìrọ̀lẹ́," mo ní.

"Kí n tó ti tábìlì mi o, Màmá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ní ọ̀gá."

*

Mo fa Ummu sí igun kan.

"Ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún arúgbó. Tí nǹkan bá dáa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi dín owó ẹ̀ kù?"

"Nítorí pé skrín nìkan ló dáa lára ẹ̀, mà." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. "Bátìrì ẹ̀ ò lágbára. Ike ni gbogbo ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ etí ẹ̀, á dún kẹ̀kẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí iṣẹ́ mẹ́ta sí i lẹ́ẹ̀kan náà, á máa wọ́ bí ìgbín. Àwọn tó ṣe é kó gbogbo owó wọn lé ojú, wọ́n wá fi ebi pa ikùn ẹ̀."

"O mọ gbogbo ìyẹn, o ṣì rà á?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mo sì rà á!" Ó gbójú sókè. "Èyí tó dáa látòkè délẹ̀, apá mi ò ká a. Èyí tí apá mi ká, wọ́n yára, bátìrì wọn ń pẹ́, àmọ́ ojú wọn ń parọ́. Mà, bátànì aṣọ ni mò ń yà. Orí skrín yẹn ni mo ti ń mọ bí aró á ṣe mú tó kí n tó ki aṣọ bọ ìkòkò, òun náà ni mo fi ń han àwọn oníbàárà mi. Tó bá fi aró àyìnrín hàn mí bí eérú, aṣọ tẹ́nikẹ́ni ò béèrè ni màá rẹ. Tí bátìrì bá ń tètè kú, mo lè fi í sínú iná. Tó bá ń wọ́, mo lè ní sùúrù. Kí ni mo lè ṣe sí ojú tó ń parọ́?"

"Bí àwọn kan ṣe ń fẹ́ ọkọ náà nìyẹn," mo ní. "Wọ́n á ní ojú ẹ̀ wu àwọn, ìyókù, àwọn á máa fara dà á."

Ó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Èmi náà rí i pé ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa kó tó náwó, ẹni tó bá sì mọ ìdí tó fi ra nǹkan báyìí kì í déédéé yọ ohun kan ṣoṣo tó tìtorí ẹ̀ rà á kó lọ tà á. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ló ń ra ẹyin, kó ta inú ẹ̀, kó wá tọ́jú èèpo? Àmọ́ ìyẹn ò tíì tó gbé síwájú adájọ́.

"Ta ló tún fọwọ́ kàn án yàtọ̀ sí ìwọ àti Herbert?"

"Tawheed. Ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òwu. Nígbà tí bátìrì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wàhálà, mo gbé e lọ bá a. Ó sùn sọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́jú."

"O ò sọ ìyẹn fún ọlọ́pàá?"

"Wọn ò béèrè. Fọwọ́ síwèé, fọwọ́ síwèé nìkan ni wọ́n mọ̀."

Mo padà sídìí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù náà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti pa á. Aláwọ̀ fàdákà ni, àmọ́ ibi tí ọmọ náà máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ti ní aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ẹ̀yìn ìdérí rẹ̀ náà ní in. Aláró ò kúkú lè fọwọ́ kan nǹkan kó má fi àmì sí i, ọṣẹ kankan kì í sì bọ́ ọ. Mo wá wo etí skrín níwájú, níbi tí àtàǹpàkò máa ń wà tí èèyàn bá fẹ́ ṣí i. Ó mọ́ tónítóní!

"Herbert! Máa bọ̀. Gbogbo ara ẹ̀ ló ní aró, etí skrín yìí nìkan ni ò ní. Ó fi hàn pé Ummu ò tíì fi ọwọ́ ẹ̀ ṣí i rí látìgbà tí wọ́n ti fi èyí sí i."

Mo ti ń dá ara mi lọ́lá nínú. Herbert ò mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí, mà. Ó ní kí ẹnì kan bá òun pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n pa á dé, ó gbé e wá bá mi. Ìgbà wo ló fẹ́ fọwọ́ aró kàn án?"

Abdulkabir wúkọ́. Ó tì mí lójú díẹ̀, mi ò ní parọ́.

"Mo sì ní fọ́tò," Herbert ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin náà á fojú ara yín rí i."

*

Ṣọ́ọ̀bù Herbert mọ́, ó tutù, iná funfun gbọọrọ wà lókè orí. Àwọn láptọ́ọ̀pù tò sórí tábìlì onígíláàsì bí ẹja lórí àtẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá kan wà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì pa.

"Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Páálí òfìfo, mà."

"Páálí òfìfo lo fi kọ́kọ́rọ́ ńlá báyìí tì?"

"Abẹ́òkúta la wà, mà. Wọ́n ń jí páálí náà." Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò láṣẹ láti tú yàrá ẹnikẹ́ni mọ́, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ fúnra ẹ lo ń pààrọ̀ bátìrì?"

"Èmi ni. Bátìrì nìkan. Mi kì í fọwọ́ kan skrín, iṣẹ́ àwọn ará Èkó nìyẹn."

"Skrín irú èyí, tí wọ́n bá tà á lọ́tọ̀ ńkọ́?"

Ó gbé èjìká. "Ó wọ́n o. Òun nìkan fẹ́ tó ìdajì owó gbogbo ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú ọmọ yẹn fi wọ̀ ọ́, mà."

Ó wá yọ fóònù. Ó yangàn bí ó ṣe ń fi fọ́tò náà hàn mí. "Ọjà kankan kì í wọlé níbí kí n má yà á. Àwọn oníbàárà wa, ẹ mọ̀ wọ́n, wọ́n á gbé ohun tó ti bà jẹ́ wá, wọ́n á ní ìwọ lo bà á jẹ́. Bó ṣe gbé e kalẹ̀ báyìí ni mo yà á. Kò kúkú tàn, bátìrì ti kú."

Láptọ́ọ̀pù náà ló wà nínú fọ́tò lóòótọ́, ó wà ní ṣíṣí lórí tábìlì onígíláàsì, aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ wà níbi àtẹ́lẹwọ́. Ojú rẹ̀ ṣú. Kíá ni mo wá aró lọ sí etí skrín. Mi ò rí nǹkan kan. Iná ṣọ́ọ̀bù ti ta sójú rẹ̀, ó fọ́ sí gbogbo etí òkè funfun báláú, mo sì bínú sí iná náà nínú ọkàn mi.

"Fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí mi," mo ní.

"Ẹ gba, mà. Ẹ fi hàn gbogbo ayé!" Ó fi í ránṣẹ́ lójú mi.

*

Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí kan ní Òwu ni ṣọ́ọ̀bù Tawheed wà. Bí ó ṣe rí mi lókèèrè ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti nǹkan kan sábẹ́ tábìlì. Mo ti ń mú ọ̀daràn kí wọ́n tó bí i, ó rò pé mi ò rí i.

"Mú un jáde."

"Kí ni, mà?"

"Ohun tí o kì sábẹ́ tábìlì. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ fúnra mi ni? Ìbàdí ń dùn mí o, tó bá wá dùn mí jù, ìwọ lo máa gbé mi relé."

Ó mú un jáde. Skrín láptọ́ọ̀pù ni, wọ́n fi tówẹ̀lì wé e. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo ti ń rò ó pé ọmọ tí mo gbà gbọ́ ti fi mí ṣeré.

"Skrín ta nìyí?"

"Ti oníbàárà mi ni, mà, olùkọ́ kan. Mo búra! Wọ́n ti sọ fún mi pé ọlọ́pàá mú Ummu nítorí skrín. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá débí tí wọ́n bá rí èyí, ó ti bá mi nìyẹn."

"Olóòótọ́ kì í fi nǹkan pamọ́."

"Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé aláìlẹ́ṣẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ ìyà ní tẹ́sàn."

Ẹnu rẹ̀ mú. Mo fi ìka wọn skrín náà láti igun dé igun. Mo ti fi ìka wọn ti Ummu ní àgọ́ ọlọ́pàá, ti Ummu tóbi ju èyí lọ dáadáa. Kì í ṣe òun. Mo mí kanlẹ̀.

"Kí lo ṣe sí láptọ́ọ̀pù Ummu tó fi sùn síbí?"

"Kò síná lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ fi ṣájà sí i kí n wo bí bátìrì ẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Àárọ̀ ni iná dé. Nígbà tí mo rí i pé bátìrì ló fẹ́ kú, mo ní kó gbé e padà síbi tó ti rà á, nítorí tí mo bá fi lè tú u pẹ́nrẹ́n, gàrántì ẹ̀ ti kú nìyẹn. Mà, mi ò tú nọ́ọ̀tì kan lára ẹ̀."

Mo gbà á gbọ́, àmọ́ kí ni mo máa fi ìgbàgbọ́ ṣe? Herbert ní fọ́tò, èmi ní ìgbàgbọ́. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, inú ń bí mi. Skrín méjì ló wà níwájú mi lórí tábìlì, èyí tó fi pamọ́ àti ògbólógbòó kan. Ìkankan nínú wọn ò tàn.

Nínú ọ̀kan, mo rí ìyá arúgbó kan tó le ojú koko, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tún gèlè mi ṣe. Mo wo ìkejì kí n lè rí i bóyá ó ti gún. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó kàn ṣú lásán ni.

"Tawheed, kí ló dé tí èyí fi dà bíi dígí, tí èyí ò rí bẹ́ẹ̀?"

"Oríṣi wọn ò dọ́gba ni, mà. Irú àwọn tó fi àwọ̀ hàn dáadáa yẹn, ojú wọn máa ń dán. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n, ẹ lè fi wọ́n di irun. Ti gbàrọgùdù yìí, wọ́n ti fi nǹkan kùn ún, kì í dán."

"Ti Ummu tó wà níbí lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó ń dán! Mo fi í wo irùngbọ̀n mi."

Mo rántí bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án. Mi ò rí gèlè mi nínú ẹ̀. Mi ò rí ojú mi. Mo yọ fóònù, mo ṣí fọ́tò Herbert, mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí ojú láptọ́ọ̀pù náà fi gba gbogbo ojú fóònù mi.

"Yéè!" mo kígbe. Tawheed fò kúrò nídìí tábìlì, ó rò pé ìbàdí mi ló ṣẹ́.

*

Abdulkabir ti ń kó bírò rẹ̀ jọ nígbà tí mo dé. Herbert ti jókòó, ó ń ta ẹsẹ̀. Ummu wà níbi tí mo fi í sí, Àlhájà ń sọ̀rọ̀ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọmọ náà ń mi orí pé rárá.

"Herbert ọmọ mi," mo ní, ohùn mi rọ̀ bí òrí. "Mo fẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìbéèrè díẹ̀ ló kù. Ìwọ lo ya fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí mi?"

"Èmi fúnra mi, mà."

"Láptọ́ọ̀pù Ummu yìí gan-an ni? Kì í ṣe òmíràn?"

"Òun ni. Ẹ wo aró tó wà lára ẹ̀."

"Mo rí i. Lẹ́yìn tí o yà á, ta ló tún fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́nì kankan yàtọ̀ sí èmi. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo pa á dé, ó di àárọ̀ òní."

"Ìyẹn ni pé skrín tó wà nínú fọ́tò ni skrín tó wà lórí tábìlì yìí?"

"Ṣebí ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn, mà!"

"Sájẹ́ǹtì, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ó dáa. Herbert, wá bẹ̀rẹ̀ sí láptọ́ọ̀pù yìí. Má tan án. Wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kí lo rí?"

Ó bẹ̀rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan. Ó ṣú."

"O ò rí ara ẹ? Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń tàn bí òṣùpá yìí, o ò rí i?"

"Mi ò rí i."

"Abdulkabir, ìwọ náà wò ó."

Abdulkabir wò ó, ó ní òun ò rí kọjá òkùnkùn. Mo wá gbé fóònù mi síwájú àwọn méjèèjì. Nínú fọ́tò yẹn, lójú láptọ́ọ̀pù tí kò tàn, ọkùnrin kan dúró gbagidi. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé fóònù sójú, iná gbọọrọ tó wà lókè orí rẹ̀ hàn kedere. Ẹ rí i, iná tí mo bínú sí yẹn, ó kàn ń sọ fún mi pé dígí ni mò ń wò.

"Ta nìyí, Herbert?"

Ó fà sẹ́yìn kúrò nídìí tábìlì.

"Skrín tó ń dán ló wà lára ẹ̀ nígbà tí ọmọ yìí gbé e lé ọ lọ́wọ́. Ó dán débi pé ìwọ náà wọ inú fọ́tò láìmọ̀. Èyí tó wà lára ẹ̀ báyìí, adìẹ ò lè rí ara ẹ̀ nínú rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ìwọ nìkan lo fọwọ́ kàn án. Ẹnu ara ẹ lo fi sọ ọ́."

"Ó... ó lè jẹ́ pé fọ́tò míì ni mo fi ránṣẹ́."

"Aró ńkọ́? Aláró mélòó ló ń ra láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ẹ?"

Abdulkabir ti dìde. "Kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn dà?"

Àwọn ọlọ́pàá méjì bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n padà dé, páálí òfìfo yẹn ti kún. Skrín ló kún un, wọ́n wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń dán. Etí ọ̀kan ní àmì àtàǹpàkò aró. Ummu ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó mú un lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Herbert wá ń sọ̀rọ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó mọ̀ pé bátìrì wọn ò ní pẹ́, ó mọ̀ pé àwọn tó rà á máa gbé e padà tí gàrántì ò bá tíì tán. Tó bá fi bátìrì tuntun sí i, á yọ ojú rẹ̀ gan-an. Àwọn oníbàárà tó kù ò mọ̀. Lẹ́tà ni wọ́n ń tẹ̀, fíìmù ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti lọ ra gíláàsì ojú, ó rò pé ọjọ́ ogbó ló dé.

"O wá lọ yọ ti aláró!" mo ní. "Nínú gbogbo ìlú Ẹ̀gbá, ilé tí wọ́n ti mọ aró láti inú oyún lo lọ fi eérú hàn. Olè ò lójú lóòótọ́."

*

Kí ó tó di pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn àgbà dé. Onílé Herbert ló ṣáájú wọn, bàbá kan tó wọ dàńṣíkí, àwọn méjì míì tẹ̀ lé e. Wọn ò wo èmi, wọn ò wo Ummu. Wọ́n kọjú sí Àlhájà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

"Àlhájà, ẹ bá wa fi orí jì í. Ọmọdé ló ń ṣe é. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Á fún ọmọ yín ní láptọ́ọ̀pù tuntun, èyí tó dáa lójú tó dáa níkùn, irú tó jẹ́ pé ọ̀gá báńkì ló ń lò ó. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nínú ilé."

Inú mi bàjẹ́. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí. Tí irun funfun bá ti dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ní rárá ló di ìkà. Abdulkabir náà ti gbé bírò sílẹ̀. "Àlhájà, ẹ wo ojú àwọn àgbà," ó ní.

Mo wo Ummu. Ó ti di skrín rẹ̀ mọ́ àyà. "Mi ò ní já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìyá àgbà lẹ́nu," ó ní. "Ohun tí wọ́n bá sọ ni. Àmọ́ láptọ́ọ̀pù ẹ̀, mi ò fẹ́."

Gbogbo wa wo ìyá náà.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin àgbà. Mo kí yín." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún aró. "Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń bẹ ọmọ yìí. Èmi ìyá àgbà rẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó pe ara rẹ̀ ní olè, nítorí pé ojú ń tì mí láti jókòó síbí. Nígbà yẹn, ta ni nínú yín ló wá dọ̀bálẹ̀ fún Herbert nítorí ọmọ mi?"

Àwọn àgbà náà dìde, wọ́n ń gbọn eruku aṣọ wọn.

"Onílé, ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n ti wọ́ ọmọ mi kọjá láàárọ̀. Ẹ wà lórí àga. Ọmọ tèmi ò ṣe nǹkan kan, gbangba lẹ fẹ́ kó ti jẹ́wọ́. Tiyín ṣe é, ọwọ́ ba gbogbo ẹ̀, ẹ ní ká parí ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Kò jọ ọ́! Mi ò gbà."

"Àlhájà, ẹ rántí Ọlọ́run."

"Mo rántí ẹ̀. Òun gan-an ni ò jẹ́ kí n gbà." Ó dìde, ó rìn lọ sídìí tábìlì. "Sájẹ́ǹtì, kọ ẹjọ́ ọmọ mi sílẹ̀. Kọ tàwọn yòókù tó gba ojú lọ́wọ́ wọn mọ́ ọn. Kóòtù là ń lọ lọ́la, èmi ni màá jókòó níwájú. Ummu, sọ ọ́ fún un."

Ummu la ẹnu láti sọ ọ́. Ọmọ tó ti ń bá gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá jà láti òwúrọ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ò ní kó dákẹ́. Ó fi etí ìborùn nù ún lójú, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ náà fún ọlọ́pàá fúnra rẹ̀.